Adrian Stokes: Dókítà tí yẹ́lò fífà pa ní Èkó, tó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ fún aráyé

Kò sí àgbàlagbà kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ara aláìsàn á gbóná, ojú rẹ̀ á pọ́n bí epo, ìtọ̀ rẹ̀ náà á pọ́n, oúnjẹ kò ní wù ú jẹ mọ́. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá wa á gbé ìkòkò àgbo kaná, wọn á sì máa retí kí ojú aláìsàn ó mọ́. Ọ̀pọ̀ ni ojú wọn mọ́ lóòótọ́. Àwọn kan kò sì jí mọ́.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé orúkọ kan ṣoṣo yìí, àìsàn bíi mélòó kan ló ń fi í bojú. Ibà tó ti wọra lè pọ́n èèyàn lójú. Àrùn ẹ̀dọ̀ lè pọ́n èèyàn lójú. Àìsàn kan tún wà tó ń ti ara ìtọ̀ eku wá, òun náà ń pọ́n èèyàn lójú. Àgbà gbogbo wọn ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní yẹ́lò fífà. Kì í ṣe àwọn tó máa ń darí ọkọ̀ lójú pópó tí aṣọ wọn dà bí ọsàn là ń sọ o. Àìsàn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ni, tó lè mú géńdé lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí gbogbo wọn bá jókòó lórí ẹní kan náà, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìyàsọ́tọ̀ yìí. Òyìnbó ni, Adrian Stokes lorúkọ rẹ̀, ìlú Èkó ló sì kú sí ní ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1927. Ọmọ ogójì ọdún péré ni.

Ìlú Lausanne ní orílẹ̀-èdè Switzerland ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 9, oṣù kejì, ọdún 1887, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Ireland ni. Iṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀ ṣe ní Íńdíà, ilé wọn sì jẹ́ ilé àwọn ọ̀mọ̀wé. Yunifásítì Trinity tó wà ní Dublin ló ti kọ́ iṣẹ́ dókítà, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ìwádìí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń fa àìsàn.

Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, Stokes wọṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bíi dókítà, wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe irú dókítà tó ń jókòó de aláìsàn. Ó gba alùpùpù kan tó ní àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kó irinṣẹ́ àyẹ̀wò àti oògùn tẹ́tánọ́ọ̀sì sínú rẹ̀, ó sì ń gun ún kiri láti ibùdó kan dé òmíràn. Dípò kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun lọ síbi tí àyẹ̀wò wà, ó ń gbé àyẹ̀wò lọ bá ọmọ ogun níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà dé orí rẹ̀.

Bí ogun ṣe ń lọ lọ́wọ́, àìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àwọn ọmọ ogun lójú nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sá sí. Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí rẹ̀ fínnífínní. Wọ́n rí i pé kòkòrò kan tó lọ́ bí okùn ló ń fà á, pé inú ìtọ̀ eku ló wà, àti pé omi tó kún inú kòtò ni ó ń gbà wọ ara wọn. Leptospira ni wọ́n ń pe ìdílé kòkòrò náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi àmì ẹ̀yẹ DSO àti OBE dá a lọ́lá fún iṣẹ́ tó ṣe lójú ogun. Nígbà tí ogun parí, wọ́n fi jẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Dublin lọ́dún 1919, nígbà tó sì di ọdún 1922, ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù.

Láàárín méjèèjì, ní ọdún 1920, ó ti kọ́kọ́ wá sí Èkó pẹ̀lú àwọn tí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán wá wádìí yẹ́lò fífà. Ìrìn àjò náà kò pẹ́, wọn kò sì rí ohun gidi kan dì mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Láti ọdún 1900 ni Walter Reed àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Cuba pé ẹ̀fọn ló ń gbé yẹ́lò fífà láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, bí Carlos Finlay ti ilẹ̀ náà ṣe ti sọ láti ọdún 1881. Ṣùgbọ́n kí gan-an ni ẹ̀fọn náà ń gbé? Ògbóǹtarìgì onímọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Japan, Hideyo Noguchi, lọ sí Ecuador ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ó sì padà wá pẹ̀lú ìròyìn pé òun ti rí i. Ó ní ọ̀kan nínú ìdílé leptospira ni. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n tilẹ̀ ti ń po abẹ́rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tó sọ.

Stokes mọ leptospira dáadáa, ó ti bá a jà nínú kòtò ogun. Ó mọ̀ pé àìsàn eku àti yẹ́lò fífà lè fara jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan pè ní èkejì, oògùn rẹ̀ kò lè jẹ́, àjẹsára rẹ̀ kò sì lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tó fi gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1927, tó tún padà wá sí Èkó.

Nígbà náà, àjọ Rockefeller ti ní ibùdó ìwádìí ní Yaba láti ọdún 1925, lábẹ́ àkóso Dókítà Henry Beeuwkes. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé wọn kò rí ẹranko kan tó ń kó yẹ́lò fífà. Bí wọ́n bá gún ọ̀bọ ilẹ̀ wa níhìn-ín ní ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ọ̀bọ náà á kàn máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ ni. Beeuwkes wá ra àwọn ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Íńdíà.

Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ọmọ ọdún 28 kan tó ń jẹ́ Asibi, ní ìlú Kpeve, ní Gold Coast tí a mọ̀ sí Ghana lónìí. Àìsàn rẹ̀ kò le púpọ̀, ara rẹ̀ sì yá lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ Íńdíà tí wọ́n gún ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yè é. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ yẹn fún òmíràn, òun náà kú. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ ọ̀bọ tó ń ṣàìsàn, kí ẹ̀fọn náà tún lọ jẹ èyí tí ara rẹ̀ le, àìsàn náà tẹ̀lé e lọ. Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Johannes Bauer àti Paul Hudson, sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà nínú asẹ́ tóóró tí kòkòrò bakitéríà kò lè gbà kọjá. Omi tó jáde tún pa ọ̀bọ. Wọ́n wá leptospira títí, wọn kò rí i.

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ohun tó ń fa yẹ́lò fífà kì í ṣe kòkòrò tí Noguchi rí. Fáírọ́ọ̀sì ni, ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí awò àyẹ̀wò ìgbà náà kò lè fi hàn rárá.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí tí àìsàn fi wọlé tọ Stokes fúnra rẹ̀. Ní àárín oṣù kẹsàn-án, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kò pẹ́ tó fi mọ ohun tó ń ṣe òun. Ẹlòmíràn ì bá ti máa wá ọ̀nà àtilọ sílé, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun gba ẹ̀jẹ̀ òun fún ọ̀bọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun, kí wọ́n sì yẹ òkú òun wò bí ọlọ́jọ́ bá dé. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù náà ló dákẹ́. Àwọn ọ̀bọ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gún náà kó yẹ́lò fífà. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà gbọ́ ni pé kì í ṣe ẹ̀fọn ló kó o ràn án, bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tó ń kan ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bauer àti Hudson padà fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì náà lè gba awọ ara ọ̀bọ wọlé.

Noguchi gbọ́ ìròyìn náà, kò gbà. Ó wá sí Accra ní ìparí ọdún 1927 láti wá fi hàn pé òun ni òun jàre. Yẹ́lò fífà pa òun náà ní ọjọ́ 21, oṣù karùn-ún, ọdún 1928. Dókítà William Young tó bá a ṣiṣẹ́ kú tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi, ilẹ̀ Áfíríkà kan náà ni gbogbo wọn kú sí.

Àǹfààní ikú wọn kò pẹ́ kó tó hàn. Láti ara ẹ̀jẹ̀ Asibi yẹn ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbin fáírọ́ọ̀sì náà lágbìntúngbìn, ju ìgbà 100 lọ, títí agbára rẹ̀ fi rọ̀. Ní ọdún 1937, ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n pè ní 17D. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1951. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń gún àwọn ọmọ wa dòní. Ẹ wo bí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin Áfíríkà kan ṣe di ààbò fún ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn káàkiri àgbáyé, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Bí a bá ní àjẹsára, kí ló tún kù? Àwọn òǹkàwé wa tó ti dàgbà á rántí ọdún 1987, nígbà tí yẹ́lò fífà jà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó múlé ti wá. Ẹ̀fọn inú ìlú, èyí tó ń yé ẹyin sínú ìkòkò àti àmù omi wa, ló tàn án ká. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ọ̀hún rọlẹ̀ títí di ọdún 2017, nígbà tí ó yọjú sí Kwara wa níbí. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ ọdún náà. Kò gba àjẹsára rí. Ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án ni ilé àyẹ̀wò Pasteur tó wà ní Dakar, ní Senegal, tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé yẹ́lò fífà ni. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn èèyàn tó lé ní 800,000 ní Kwara àti Kogi ní abẹ́rẹ́, láti ọmọ oṣù 9 títí dé ẹni ọdún 45.

Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ tí ara ọmọ náà kọ́kọ́ gbóná sí ọjọ́ tí ìdájú dé láti Dakar, ọjọ́ 27 ni. Ẹ̀fọn kì í dúró de ìwé àyẹ̀wò. Ó sì jẹ́ 90 ọdún gééré, ní oṣù kẹsàn-án kan náà, tí Stokes kú ní Èkó nítorí kí èèyàn lè tètè dá àìsàn yìí mọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ nísinsìnyí? Nígbà ayé Stokes, àyẹ̀wò méjì ló wà. Yálà kí aláìsàn kú kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n gún ọ̀bọ kí wọ́n máa dúró wò ó. Lónìí, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń lò, ìtàn ìmọ́lẹ̀ náà sì tún kan ẹni tó ń jẹ́ Stokes. George Gabriel Stokes lorúkọ tiẹ̀, ọmọ Ireland ni òun náà. Ní ọdún 1852, ó ṣe àlàyé ìdí tí omi tí wọ́n po kuníìnì sí fi ń tàn ní àwọ̀ búlúù bí ìtànṣán kan tí ojú kò rí bá bọ́ sí i lára. Kuníìnì tí àwọn bàbá wa ń gbé mì nígbà ibà, tó korò bí jogbo, òun náà ni. Ní ọdún 1871, Adolf von Baeyer ọmọ Jámánì wá po aró kan tí wọ́n pè ní fluorescein, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù tó sì ń dá a padà ní àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ yòò.

Irú aró yìí ni àwọn onímọ̀ so mọ́ okùn tíńtín kan tó jẹ́ pé ara ohun tí wọ́n wá láti inú yẹ́lò fífà nìkan ló lè lẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ohun mìíràn bò ó mọ́lẹ̀ kó má baà tàn, bí ẹni fi igbá dé fìtílà. Bí fáírọ́ọ̀sì náà bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, okùn náà á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ́ńsáìmù kan á gé e bí abẹ́, igbá á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á yọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, òkùnkùn ni.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tannátanná kan ṣoṣo nínú igbó, ta ni yóò rí i? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀rọ náà á sọ ọ̀kan di méjì, á sọ méjì di mẹ́rin, á sọ mẹ́rin di mẹ́jọ. Bó bá ṣe é ní ìgbà 10, ọ̀kan ti di 1,024. Ní ìgbà 20, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ìgbà 30, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan, gbogbo èyí láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń di púpọ̀ ni fìtílà mìíràn ń ṣí, títí ẹ̀rọ yóò fi rí i kedere. Irú àyẹ̀wò yìí náà ni wọ́n fi ń wá àrùn Kòrónà nímú àwọn èèyàn ní ọdún 2020.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀. Wọ́n ń wá ọmọ ogun tí ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ti kó jọ láti bá fáírọ́ọ̀sì náà jà. Wọ́n á so ẹ́ńsáìmù mọ́ ọn, wọ́n á wá da aró tí ẹnu rẹ̀ wà ní títì sí i. Ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo lè ṣí ẹgbẹẹgbẹ̀rún aró, bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ kan bá ń ṣí ilẹ̀kùn gbogbo ilé tó wà ládùúgbò. Bí ohun kékeré ṣe ń di ohun tí ojú lè rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí lè ṣi yẹ́lò fífà mú mọ́ àwọn ẹbí rẹ̀ bíi dẹ́ńgè, ó sì lè rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń tún un yẹ̀ wò níbòmíràn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan èmi àti ẹ̀yin tí ẹ wà lóko àti lábúlé rèé. Fáírọ́ọ̀sì yẹ́lò fífà kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ló pọ̀ níbẹ̀ jù, lẹ́yìn náà ó ń dínkù. Ẹ̀jẹ̀ Stokes tí wọ́n tètè gbà ló wúlò. Bí a bá gbé aláìsàn pamọ́ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n kọjá ààlà kí á tó gbé e dé ilé ìwòsàn, fìtílà tí à ń wí yìí lè má tàn mọ́, bẹ́ẹ̀ àìsàn náà ti ràn mọ́ aládùúgbò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa yẹ́lò fífà. Ìtọ́jú ni wọ́n ń fún aláìsàn títí ara rẹ̀ yóò fi ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Láti ọdún 2004 ló ti wà lára abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ oṣù 9 ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè bóyá àwọn ọmọ-ọmọ yín ti gbà á. Ẹ bo àmù omi yín, ẹ da omi inú táyà àti agolo nù. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá pọ́n tí ara rẹ̀ sì gbóná, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ọjà kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tó ń gun alùpùpù kiri láti gbé àyẹ̀wò lọ bá aláìsàn ní ojú ogun, ó ti mọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé láéláé. Ibi tí àyẹ̀wò bá ti jìnnà sí aláìsàn, ikú ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Láti Ifẹ́lódùn dé Dakar jìnnà púpọ̀. Kí ìjọba wa máa sún àyẹ̀wò mọ́ ẹsẹ̀ ilé wa, kí àwa náà má sì jẹ́ kí ó máa bá wa nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ọdún 2017 mọ́.